"Ó Ti Darúgbó, Kò Ṣeré Mọ́"

Ìyá Tóbi ní Peckham,

Mo ka lẹ́tà yín tán, àmọ́ bébà tí ẹ ní wọ́n lẹ̀ mọ́ kéèjì eku tí ẹ rí he náà kò kúrò lọ́kàn mi: "Ó ti darúgbó, kò ṣeré mọ́." Èèyàn ló mú bírò kọ ìyẹn, tó wá gbé ohun ẹlẹ́mìí síta lẹ́gbẹ̀ẹ́ ike ìdọ̀tí nínú òtútù! Nígbà tí eku yìí ń gun èjìká onítọ̀hún, tó ń gba oúnjẹ lọ́wọ́ rẹ̀, ṣé kò mọ̀ pé yóò dàgbà ni? Eku tí wọ́n ń sìn nílé kì í sábà kọjá ọdún méjì sí mẹ́ta láyé. Kí ló ṣòro nínú kéèyàn dúró tì í fún ìwọ̀nba oṣù tó kù? Òfin ọdún 2006 lórí ìtọ́jú ẹranko ní England sọ ọ́ kedere pé ẹni tó bá ń sin ẹranko gbọ́dọ̀ pèsè ohun tí ẹranko náà nílò. Òfin yẹn kò yọ arúgbó sílẹ̀.

Ẹ bá mi sọ fún Bàbá Tóbi pé ẹni tó bá tú eku náà sílẹ̀ sí páàkì, ó pa á ni. Láti ayé Ọbabìnrin Victoria, nígbà tí Jack Black tó ń pa eku kiri Lọ́ńdọ̀nù ń ṣa àwọn tí àwọ̀ wọn ṣàrà ọ̀tọ̀ sọ́tọ̀, tó ń sìn wọ́n, tó sì ń tà wọ́n, ni irú eku yìí ti ń gbé lọ́dọ̀ èèyàn. Kò mọ oúnjẹ í wá nígbó. Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ ni yóò kọ́kọ́ rí i. Ibà Lassa tí wọ́n fi ń dẹ́rù bà yín, eku ẹ̀yà mìíràn ló ń kó o ranni nílé wa. Síbẹ̀, ẹ máa fọ ọwọ́ tí ẹ bá ti gbé e tán.

Nǹkan pupa tó gbẹ mọ́ ojú àti imú rẹ̀ kì í ṣe ẹ̀jẹ̀. Ẹ̀yìn ojú eku ni omi pupa yẹn ti ń sun. Èyí tí ara rẹ̀ yá máa ń fi ọwọ́ nù ún. Tó bá gbẹ síbẹ̀, àìsàn tàbí ìdààmú wà. Ẹ sì ní èémí rẹ̀ ń dún. Àrùn ẹ̀dọ̀fóró wọ́pọ̀ lára wọn, oògùn sì lè mú un rọlẹ̀ bí kò tilẹ̀ wò ó tán. Ẹ pe dókítà ẹranko lónìí, kí ẹ kọ́kọ́ bi í bóyá ó ń tọ́jú eku, torí ajá àti ológbò nìkan làwọn mìíràn ń gbà.

Ní ti ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ tó ń wọ́, nọ́ọ̀sì kan ní Leeds kọ̀wé sí mi nígbà kan nípa irú rẹ̀. Ó yọ àtẹ̀gùn inú kéèjì kúrò, ó kó eérún pákó dànù, ó tẹ́ aṣọ múlọ́múlọ́, ó sì bu omi sínú àwo pẹrẹsẹ kí eku náà má baà nàgà mu ún. Alaalẹ́ ló ń fi aṣọ tó rin sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ nu abẹ́ rẹ̀, torí eku tí kò lè tẹ̀ wẹ ara rẹ̀ mọ́, ìtọ̀ yóò máa jó o lára. Ó ń rẹ oúnjẹ rẹ̀ kó rọ̀, ó ń fi ẹyin sísè díẹ̀ sí i, láìsí iyọ̀, láìsí ata. Eku yẹn tún sanra! Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ gan-an.

Mo bínú sí ẹni tó gbé e síta, ṣùgbọ́n ẹ tún kọ ọ́ pé wọ́n fi ṣúẹ́tà bo kéèjì náà, wọ́n sì kọ orúkọ eku náà sí ìsàlẹ̀ bébà: Biscuit. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ilé ni wọ́n lé onítọ̀hún kúrò, tí lánlọ́ọ̀dù tuntun kò fẹ́ ẹranko. Tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, kí Ọlọ́run fún un ní ibùgbé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó yẹ kó kọ́kọ́ pe RSPCA, àjọ tó ń dáàbò bo ẹranko.

Eku kì í fẹ́ dá gbé. Kí Tóbi máa jókòó tì í tó bá ń ṣe iṣẹ́ ilé-ìwé, kó máa fi orúkọ rẹ̀ pè é. Bí dókítà bá sì sọ pé ìrora ti pọ̀ jù, ẹ má ṣe bẹ̀rù abẹ́rẹ́ ìkẹyìn yẹn. Ẹ dúró tì í ni. Ẹ kọ ohun tí dókítà bá sọ ránṣẹ́ sí mi. Mo fẹ́ gbọ́.