Àpótí Ìmọ̀: Fíìmù Kúkúrú Akẹ́kọ̀ọ́ Lọ Ìdíje
FESPACO, àjọ̀dún fíìmù Áfíríkà tó bẹ̀rẹ̀ ní Ouagadougou lọ́dún 1969, ní ìdíje tó yà sọ́tọ̀ fún àwọn ilé-ẹ̀kọ́ sinimá. Ká ní o ya fíìmù tìrẹ ní oríta Ìwàràjà, níbi tí ọkọ̀ láti Iléṣà ti ń yà sí Èkìtì. Kí o tó fi ránṣẹ́ sí ìdíje:

• Ka òfin rẹ̀ dáadáa. Wo gbèdéke ọjọ́ àti gígùn fíìmù. Bí àpẹẹrẹ, fíìmù kúkúrú fún ìdíje Oscar kò gbọdọ̀ ju ìṣẹ́jú 40 lọ.
• Gba ìyọ̀ǹda àwọn òṣèré àti ẹni tó ni orin.
• Bí àwọn òṣèré bá sọ ẹ̀ka-èdè Ìjẹ̀ṣà, kọ ìtumọ̀ sísàlẹ̀ àwòrán ní èdè táwọn adájọ́ gbọ́.