Ẹ̀KỌ́ OṢÙ YÌÍ: MÍMÚRA ẸṢIN SÍLẸ̀ FÚN ERÉ ÀTI FÍFÒ



Ní ọjọ́ kẹta Iléyá, àwọn ìdílé Balógun máa ń gun ẹṣin wọ Ojúde Ọba ní Ìjẹ̀bú-Òde. Ọ̀pọ̀ wa láti ilẹ̀ Ẹ̀gbá máa ń lọ wòran, ó sì máa ń wu àwọn kan láti gun ẹṣin. Ohun tí a kì í sábà béèrè ni pé: báwo ni a ṣe múra ẹṣin sílẹ̀? Ẹṣin tó ti wà lórí ìso láti oṣù dé oṣù, tí a wá fipá mú sáré tàbí mú fò nínú oòrùn, ẹ̀mí rẹ̀ wà nínú ewu.

1. Àpẹẹrẹ láti Mọ̀dínà

Nínú hádíìsì tí Ibn Umar gbà wá, tó wà nínú Sahih al-Bukhari, Ànọ́bì (ikẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun kí ó máa bá a) ṣètò ìdíje eré ẹṣin. Àwọn ẹṣin tí wọ́n ti pèsè sílẹ̀ sáré láti al-Hafya dé Thaniyyat al-Wada, nǹkan bíi máìlì 5 tàbí 6. Àwọn tí wọn kò tíì pèsè sílẹ̀ sáré láti ibẹ̀ dé mọ́ṣáláṣí Banu Zurayq, nǹkan bíi máìlì 1 péré. Ibn Umar fúnra rẹ̀ wà lára àwọn tó díje.

Ẹ kíyè sí i: wọn kò di ẹrù kan náà lé ẹṣin méjèèjì. Àwọn onímọ̀ ṣàlàyé pé wọ́n á bọ́ ẹṣin yó dáadáa, wọ́n á dín oúnjẹ rẹ̀ kù, wọ́n á sì daṣọ bò ó kí ó lè làágùn títí ara rẹ̀ yóò fi le. Kí a má ṣe daṣọ bo ẹṣin nínú ooru tiwa o! Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ ni pé oúnjẹ àti ìmúrasílẹ̀ ló ń ṣáájú eré.

2. Bí agbára ṣe ń wọ ara ẹṣin

Ọkàn àti ẹ̀dọ̀fóró máa ń tètè lágbára. Iṣan ẹsẹ̀ àti eegun máa ń gba oṣù púpọ̀. Nítorí náà ẹṣin tí kò mí hẹlẹhẹlẹ mọ́ ṣì lè fi ẹsẹ̀ ṣèṣe, nítorí ẹsẹ̀ iwájú ni yóò gbé gbogbo ara rẹ̀ nígbà tó bá fò balẹ̀.

(a) Oṣù kìíní: ìrìn nìkan, láti ìṣẹ́jú 20 títí di 60.
(b) Oṣù kejì: ìrìn kánmọ́kánmọ́ àti gígun òkè. Àwọn òkè Abẹ́òkúta wúlò níbí: gígun òkè ń fún ìdí àti itan ẹṣin lágbára, ibẹ̀ ló sì ti ń rí agbára fò. Ẹ yẹra fún títì ọ̀dà.
(d) Lẹ́yìn náà: eré kúkúrú pẹ̀lú ìsinmi láàárín. Ẹ kọ́kọ́ tẹ́ igi sílẹ̀ kí ó máa rìn kọjá lórí rẹ̀, kí ẹ tó gbé e sókè díẹ̀. Kí fífò má ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ lọ́sẹ̀.

3. Àmì tí a fi ń mọ̀

Ẹ fi ìka kan iṣan ẹ̀jẹ̀ tó wà lábẹ́ àgbọ̀n ẹṣin. Bó bá ń sinmi, ọkàn rẹ̀ ń lù ní nǹkan bí ìgbà 28 sí 44 ní ìṣẹ́jú kan. Lẹ́yìn eré, ó yẹ kí ó máa yára rọlẹ̀. Bí kò bá rọlẹ̀, iṣẹ́ ti pọ̀ jù. Ẹ dín in kù.

4. Oúnjẹ àti ìlera

Koríko ni kí ó pọ̀ jù nínú oúnjẹ rẹ̀, kí ọkà mọ níwọ̀n, nítorí ẹṣin kì í lè bì. Àjẹjù ọkà lè fa inú rírun tó ń pa á. Ẹ fún un ní omi púpọ̀ àti iyọ̀. Ẹ má sì gbàgbé eṣinṣin tsetse, tí ń gbé àìsàn wọ inú ẹ̀jẹ̀: òun wà lára ohun tí kò jẹ́ kí ẹṣin ogun Ọ̀yọ́ àtijọ́ gbádùn ilẹ̀ igbó. Bí ẹṣin bá ń rù láìnídìí, ẹ pe dókítà ẹranko.

Ìparí

Abu Dawud gba ìtàn ràkúnmí kan tó sunkún níwájú Ànọ́bì, tó ráhùn pé olówó òun ń febi pa òun, ó sì ń lo òun nílòkulò. Ànọ́bì bá olówó rẹ̀ wí. Àmáánà ni ẹranko jẹ́ lọ́wọ́ wa. Ẹṣin iwájú ni tẹ̀yìn ń wò sáré; ẹ jẹ́ kí a fi àpẹẹrẹ rere lélẹ̀.

Ìbéèrè fún ìjíròrò

1. Kí ló dé tí eré àwọn ẹṣin Mọ̀dínà kò fi jìnnà bákan náà?
2. Kí ló máa ń pẹ́ jù kí ó tó lágbára lára ẹṣin?
3. Bí ọjọ́ ayẹyẹ bá ti dé, tí ẹṣin kò sì tíì múra tán, kí ló yẹ kí ẹni tó fẹ́ gùn ún ṣe?