Ẹ̀kọ́ fún Àwọn Ọmọ Ẹgbẹ́: Ohun tó Wà Nínú Irin Ìkọ́lé

Ọ̀pọ̀ yín ní Ìjokù àti ní Ṣàgámù lápapọ̀ ń yá owó ẹgbẹ́ láti fi kọ́ ilé tàbí ṣọ́ọ̀bù. Ọdún díẹ̀ ni a fi ń san gbèsè náà tán, ṣùgbọ́n ilé gbọ́dọ̀ dúró de ọmọ-ọmọ. Ìdí nìyí tí a fi fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí rọ́ọ̀dù.

Rọ́ọ̀dù tó nípọn ní mílímítà 12, tó sì gùn ní mítà 12, yẹ kó wọ̀n tó kìlógíráàmù 10.7. Òṣùwọ̀n yìí jẹ́rìí sí nínípọn rẹ̀. Kò jẹ́rìí sí inú rẹ̀.

1. Kábọ́ọ̀nù. Irin lásán rọ̀. Kábọ́ọ̀nù, èyí tó pọ̀ nínú èédú, ló ń mú un le. Nínú kìlógíráàmù 100 irin ìkọ́lé, kábọ́ọ̀nù kì í sábà ju bíi 0.25 lọ. Bí ó bá lé ní 2, ó di irú irin tí a fi ń ṣe búlọ́ọ̀kù ẹ́ńjìnnì: ó le, ṣùgbọ́n òòlù lè fọ́ ọ bí ìkòkò. Irin ilé gbọ́dọ̀ lè tẹ̀ kó tó ṣẹ́, kí ará ilé lè rí àmì ewu kí wọ́n sì sá. Bí kábọ́ọ̀nù bá pọ̀ jù, ojú ibi tí wẹ́dà ti jó o náà lè sán.

2. Imí-ọjọ́ àti fọsfọ́rọ́ọ̀sì. Imí-ọjọ́ ń mú kí irin sán nígbà tó bá gbóná. Fọsfọ́rọ́ọ̀sì ń mú kó ṣẹ́ nígbà tó bá tutù. Máńgánísì ni a ń fi sí i láti di imí-ọjọ́ mú.

3. Bàbà. Ní 1982 ni ilé-iṣẹ́ Aládjà bẹ̀rẹ̀ sí í fi òkúta irin ṣe irin, tí Òṣogbo sì ń fi ṣe rọ́ọ̀dù. Lónìí, àlòkù irin ni ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ń yọ́, títí kan àwọn tó wà ní Ògijò nílẹ̀ Rẹ́mọ wa. Àlòkù kò burú. Gbogbo ayé ló ń lò ó. Ṣùgbọ́n bí wáyà bá wà láàárín rẹ̀, bàbà tó ti yọ́ mọ́ irin kò ṣeé yọ mọ́, ó sì lè mú kí ara irin sán. Ṣíṣà ṣáájú ìléru ni oògùn rẹ̀.

Kí ni kí á ṣe? Ẹ ra rọ́ọ̀dù tó ní àmì ilé-iṣẹ́ lára. Ẹ jẹ́ kí á tẹ ègé kan ní tútù. Bí ó bá sán, ẹ dá a padà. Bí kò bá sán, ìyẹn nìkan kò tó fún ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì: ẹ mú ègé lọ síbi àyẹ̀wò. Ẹ má jó rọ́ọ̀dù tí ẹ kò mọ inú rẹ̀, ẹ má sì da omi sí ojú ibi tí a jó. Bí ọmọ ẹgbẹ́ mẹ́wàá bá jọ rà, owó àyẹ̀wò kò ní wọ ẹnikẹ́ni lọ́rùn.

Ìbéèrè fún ìpàdé: (a) Kí ló dé tí irin tó le jù kò fi dára fún ilé? (b) Ta ni yóò máa yẹ rọ́ọ̀dù wò fún ẹgbẹ́ wa kí a tó sanwó?