Má Fọ̀la Dọ́tùnla: Ohun Tí Ìrántí Ikú Lè Ṣe fún Ọ

Àbúrò mi, tí mo bá dárúkọ ikú báyìí, mo mọ ohun tí wàá ṣe. Wàá fọwọ́ yí orí ká, wàá tàka dànù, wàá ní, "Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́!" Mo bá ọ ṣe àmín. Ṣùgbọ́n dídárúkọ ikú kọ́ ló ń pe ikú wá. Ẹni tí kò dárúkọ rẹ̀ rí láyé náà ń kú. Àwọn àgbà ní bí ikú bá ń pa ojúgbà ẹni, òwe ló ń pa fún ni. Ẹni tó bá gbọ́ òwe náà kì í fòní dọ́la, fọ̀la dọ́tùnla.

Wo àwọn abọ́ tánganran tó wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù onígíláàsì ní pálọ̀ rẹ. Láti ìgbà ìgbéyàwó rẹ lo ti ń tọ́jú wọn de àlejò pàtàkì, tí ìwọ, ọkọ rẹ àtàwọn ọmọ ń fi abọ́ ike jẹun. Àlejò wo ló wá ṣe pàtàkì ju àwọn tẹ́ ẹ jọ ń gbélé lọ? Léèsì tó wà nínú àpótí ńkọ́? Òórùn kánfọ̀ ti mu ún yó, télọ̀ ò tíì fojú kàn án. Gbé e lọ fún télọ̀ lọ́sẹ̀ yìí, kó o sì wọ̀ ọ́ lọ́jọ́ tí kò sí òde kankan.

Obìnrin ará Ọsirélíà kan wà tó ń jẹ́ Bronnie Ware. Iṣẹ́ rẹ̀ nígbà kan rí ni kó máa tọ́jú àwọn tí àìsàn wọn ti kọjá ìwòsàn, ó sì kọ̀wé nípa ohun márùn-ún tí wọ́n sábà máa ń kábàámọ̀. Wọ́n ní ayé táwọn èèyàn ń retí làwọn gbé, àwọn ò gbé èyí tó wu àwọn. Wọ́n ní àwọn ṣiṣẹ́ jù. Wọn ò sọ tinú wọn jáde, wọ́n jẹ́ kí ọ̀rẹ́ já sọ́nà, wọn ò sì gba ara wọn láàyè kí inú wọn dùn. Aṣọ ẹbí tí wọn ò rí rà ò sí lára ohun tí wọ́n ń kábàámọ̀.

Nítorí náà, dín òde kù, kó o fi àsìkò náà fún àwọn èèyàn rẹ. Laura Carstensen, ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì Stanford ní Amẹ́ríkà, ti ṣèwádìí lórí èyí fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ó rí i pé nígbà táwọn èèyàn bá mọ̀ pé àsìkò ò pọ̀ mọ́, wọn kì í wá ojúlùmọ̀ kiri mọ́. Àwọn tó sún mọ́ wọn lọ́kàn ni wọ́n ń fàsìkò wọn fún. Kí ló dé tí wàá fi dúró di ìgbà ogbó kó o tó ṣe bẹ́ẹ̀?

Bẹ̀rẹ̀ látọ̀dọ̀ màmá rẹ. Owó tẹ́ ẹ máa fi pa màlúù lọ́jọ́ ìsìnkú wọn, ẹ mú nínú ẹ̀ báyìí, kẹ́ ẹ fi ra oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tí wọ́n ń lò. Jókòó tì wọ́n, ní kí wọ́n kì ọ́, kó o sì fi fóònù gba ohùn wọn sílẹ̀. Ọjọ́ ń bọ̀ tí ohùn yẹn á wọ́n ju wúrà lọ.

Lẹ́yìn náà, tún ilé àti ìwé rẹ ṣe. Lọ́dún 2017, ìyá àgbà kan ní Sweden, Margareta Magnusson, gbé ìwé jáde lórí bí èèyàn ṣe lè fọwọ́ ara rẹ̀ palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́ kó tó kú, kí ìyà má bàa jẹ àwọn tó fi sílẹ̀. Tìrẹ náà, fún èèyàn ní aṣọ tí o ò wọ̀ mọ́. Kó ìwé ilẹ̀ àti ti báńkì síbì kan. Má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn ọ́: lórílẹ̀-èdè Nàìjíríà, pé o kọ orúkọ ẹnì kan sí fọ́ọ̀mù bíi "next of kin" kò sọ ọ́ di ajogún rẹ. Wíìlì ló ń ṣe ìyẹn. Ẹlẹ́rìí méjì gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ nígbà tó o bá ń fọwọ́ sí i, má sì mú ẹni tó máa jogún níbẹ̀ ṣe ẹlẹ́rìí, kó má bàa pàdánù ohun tó o fẹ́ fún un.

Ọ̀rọ̀ kan kù o. Tí ìrònú ikú ò bá jẹ́ kó o sùn, tàbí tó ń ṣe ọ́ bíi pé kó o kú, ìyẹn kì í ṣe ohun tí mò ń sọ. Sọ fún ẹni tó o fọkàn tán, kó o sì lọ rí dókítà.

Àbúrò mi, ẹ̀mí rẹ á gùn. Ṣùgbọ́n má dúró de ẹ̀mí gígùn kó o tó bẹ̀rẹ̀ sí í jayé. Ẹni tó o ti ń sọ látọjọ́ yìí pé wàá pè, jọ̀ọ́, pè é lónìí.