Bí A Ṣe Ń Wo Ẹyẹ àti Òdòdó Lójú Ọ̀nà Oko

Ìgbà tí àkọ́rọ̀ òjò bá ti rọ̀ ló dára jù fún wíwo ẹyẹ àti òdòdó nílẹ̀ Yorùbá, láti ìparí oṣù kẹta títí wọ oṣù karùn-ún. Koríko ń hù, kòkòrò ń tú jáde, ẹyẹ púpọ̀ sì ń múra àtiyé. Ẹ yan ọ̀nà oko dípò inú igbó kìjikìji. Nínú igbó, ohùn lásán lẹ ó máa gbọ́. Ṣùgbọ́n ará Ìbàdàn lè béèrè bí IITA, ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ tí wọ́n dá sílẹ̀ níbẹ̀ ní 1967, ṣe ń gba àlejò. Nínú igbó ọgbà wọn ni ẹyẹ tí wọ́n fi orúkọ ìlú náà pè, Ibadan Malimbe, ń gbé. Gúúsù ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà nìkan ló wà ní gbogbo ayé.

Ẹ wọ aṣọ aláwọ̀ ewé tàbí ti erùpẹ̀, kí ẹ fi funfun sílẹ̀. Ẹ ki ẹnu ṣòkòtò bọ inú ìbọ̀sẹ̀ nítorí ìjàlọ. Ẹ mú omi, ìwé kékeré àti pẹ́ńsù, torí bírò kì í fẹ́ràn ìwé tútù. Bí ẹ bá fẹ́ yà sóko olóko, ẹ kí i, ẹ sọ ohun tí ẹ wá ṣe, kí ẹ sì béèrè ibi tó dẹ tàkúté sí.

Kí aago mẹ́fà ààbọ̀ tó lù, ẹ ti wà lọ́nà. Tó bá fi di aago mẹ́wàá, oòrùn á ti mú, ọ̀pọ̀ ẹyẹ á ti dákẹ́.

Etí ni kí ẹ kọ́kọ́ lò. Ẹ dúró, kí ẹ wá ohùn ẹlúùlúù: ó ń dún bí omi tó ń tú jáde lẹ́nu kèrègbè, ó sì ń lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Orí rẹ̀ dúdú, ìyẹ́ apá rẹ̀ pọ́n rúsúrúsú, ìrù rẹ̀ gùn. Abẹ́ ewé ló máa ń rá pálá sí, ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ ẹni tó ń gbọ́ ọ láti kékeré kò fi rí i rí.

Bí ẹ bá ní awò ọ̀nà jíjìn, èyí tí wọ́n kọ 8×42 sí lára ti tó. Ẹ má fi wá ẹyẹ kiri o. Ojú lásán ni kí ẹ fi mú ẹyẹ náà. Ẹ má gbójú kúrò lára rẹ̀ bí ẹ ṣe ń gbé awò sójú.

Ní tèmi, n kò fara mọ́ ìrìn gígùn. Ẹ wá igi kan tó tan òdòdó, kí ẹ jókòó tì í fún ìdajì wákàtí. Bó bá jẹ́ orúrù, ire dé: òdòdó rẹ̀ pupa, ó tóbi, omi sì wà nínú ìrudi rẹ̀ tí àwọn ọmọdé máa ń tẹ̀ kó lè tú síra wọn lójú. Àwọn ẹyẹ tíntìntín tí ẹnu wọn tẹ̀ kọdọrọ, tí ara akọ wọn ń kọ mànà, á wá mu oje rẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ wá ọ̀pẹ tí ẹ̀gà ti ya imọ̀ rẹ̀ tán. Akọ olójú pupa ló ń hun ìtẹ́. Á so rọ̀ lábẹ́ rẹ̀, á máa gbọn apá kí abo lè wá yẹ̀ ẹ́ wò. Bí abo kankan kò bá gbà á títí ewé rẹ̀ fi gbẹ, akọ á tú u palẹ̀, á bẹ̀rẹ̀ òmíràn. Ìran yìí kì í tètè sú ènìyàn.

Fún òdòdó ilẹ̀, ẹ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ dáadáa. Ẹ wo àwọ̀ rẹ̀, bí ewé rẹ̀ ṣe tò, kí ẹ sì gbóòórùn rẹ̀. Ẹ ó rí imí eṣú, abẹ́rẹ́ olóko àti patanmọ́. Ẹ má já wọn. Ẹ fi fóònù yà wọ́n. Wèrèpè ńkọ́? Ẹ máa wò ó lókèèrè.

Ẹ kọ ohun tí ẹ rí kí ẹ tó kúrò níbẹ̀: ṣé ẹyẹ náà tó ológoṣẹ́ ni àbí ó tó àdàbà, kí ló ń jẹ, báwo ni ẹnu rẹ̀ ṣe rí? Ẹ wá bi ọdẹ àgbà kan ní orúkọ ẹyẹ náà, kí ẹ kọ orúkọ ìlú ọdẹ náà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, torí orúkọ ẹyẹ máa ń yí láti ìlú dé ìlú. Ẹ padà sí ọ̀nà kan náà ní oṣù keje, kí ẹ fi àkọsílẹ̀ méjèèjì wéra. Lékèélékèé, fún àpẹẹrẹ, lè ti dín púpọ̀ nígbà náà, nítorí ó máa ń tẹ̀ lé òjò lọ sí Òkè Ọya.