Àpótí Ìmọ̀: Kí a tó yọ àká dátà àjọlò

Ẹni tó ń fi fóònù sanwó ní Kúta, nítòsí Ìwó, kì í rí sẹ́fà tó ń jẹ́ iṣẹ́ náà. Inú ilé dátà ni irú wọn ń gbé, bíi Rack Centre tó ṣí ní Oregun, Ìkẹjà, ní 2013. Ọ̀pọ̀ sẹ́fà lè jọ máa lo àká dátà kan lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì.

Bí a bá fẹ́ yọ irú àká bẹ́ẹ̀ lórí VMware, sọ́fítíwia tó ń jẹ́ kí sẹ́fà kan gbé ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà àfarawé (virtual machine), kọ́kọ́ kó àwọn virtual machine náà lọ sí àká mìíràn, títí kan fáìlì ISO (ẹ̀dà dísìkì) tí ẹnì kan so mọ́ wọn tó sì gbàgbé (òun ló ń dáni lágara jù, lójú tèmi). Unmount, ìyẹn kí sẹ́fà dẹ́kun lílo àká náà, ló kàn, lórí gbogbo sẹ́fà. Lẹ́yìn náà, detach, ìyẹn kí sẹ́fà já dísìkì rẹ̀ sílẹ̀. Ìgbà yẹn la tó lè gé e kúrò látorí ẹ̀rọ àká fúnra rẹ̀.

Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ látẹ̀yìn dà bí onílé tó ń wó ilé nígbà tí ayálégbé ṣì ń sùn. Bí àká kò bá fi àmì ránṣẹ́ pé òun ti lọ pátápátá, sẹ́fà á rò pé ọ̀nà ló dí, á sì máa gbìyànjú. Bí a kò bá yí ètò rẹ̀ padà, ìṣẹ́jú àáyá 140 ni sẹ́fà yóò fi dúró kó tó jáwọ́ nínú ìgbìyànjú tó jẹ́ tirẹ̀. Ìgbìyànjú ti virtual machine tó kù níbẹ̀ kì í dáwọ́ dúró.