Ìṣesí Wa Yàtọ̀, Iṣẹ́ Wa Jẹ́ Ọ̀kan



Nínú ẹ̀kọ́ yìí, a óò sọ̀rọ̀ nípa ìṣesí àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́. Ìṣesí ni bí ènìyàn ṣe máa ń ṣe nígbà púpọ̀. Ara ẹnì kan máa ń yá sí iṣẹ́. Ẹlòmíràn máa ń rọra ṣe tirẹ̀. Ẹnì kan fẹ́ràn ọ̀rọ̀ sísọ. Ẹlòmíràn kì í fẹ́ sọ̀rọ̀ láàrin èrò.

Àwọn àgbà wa ní: ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Ohun tí ẹnì kan kò lè ṣe, ẹlòmíràn lè ṣe é. Ṣùgbọ́n tí a kò bá mọ ìṣesí ara wa, ìjà la óò máa jà lórí iṣẹ́.

1. Ẹgbẹ́ kan tí ń ṣe gàrí

Ẹ jẹ́ kí á fi ẹgbẹ́ kan ṣe àpẹẹrẹ. Ó lè jẹ́ ní Kétu, ó lè jẹ́ ní Ṣábẹ̀ẹ́, ó lè jẹ́ ní abúlé tiyín. Obìnrin mẹ́rin ló wà nínú rẹ̀. Wọ́n jọ ra ẹ̀gẹ́, wọ́n bó o, wọ́n fọ̀ ọ́, wọ́n rin ín. Wọ́n kó o sínú àpò, wọ́n gbé òkúta lé e lórí kí omi rẹ̀ lè jáde.

Ní ọjọ́ kejì, ìyàwó kan tí ara rẹ̀ máa ń yá dé ibi iṣẹ́ ní kùtùkùtù. Ọjọ́ ọjà ti sún mọ́. Ó ní: "Kí la tún ń dúró dè? Ẹ jẹ́ kí á yan án." Ó tú àpò, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kù ú.

Ìyá àgbàlagbà kan fọwọ́ kan ẹ̀gẹ́ náà. Ó mọ̀ pé omi ṣì wà nínú rẹ̀. Ó mọ̀ pé kò tíì kan. Ṣùgbọ́n kò sọ nǹkan kan. Ó jókòó ti agbada, ó ń dáná.

Ẹnì kẹta fẹ́ràn ọ̀rọ̀. Ó ń sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́jà, ó ń pa àwọn yòókù lẹ́rìn-ín. Kò wo ẹ̀gẹ́ rárá. Ẹnì kẹrin máa ń fara balẹ̀ yẹ nǹkan wò. Ó ń ka àpò, ó ń kọ iye rẹ̀ sínú ìwé. Kí ó tó gbójú sókè, wọ́n ti yan àpò méjì.

Gàrí náà dì mọ́ra. Kò gbẹ. Nígbà tí wọ́n gbé e dé ọjà, àwọn oníbàárà tọ́ ọ wò, wọ́n sì fi í sílẹ̀. Ìjà dé.

— Ìwọ lo kánjú!

— Ṣé èmi nìkan ni? Ìyá mọ̀, wọn ò sọ!

— Ta ló bi mí?

Ẹgbẹ́ náà fẹ́ tú ká nítorí àpò gàrí méjì.

Ẹ kíyè sí i: ọ̀rọ̀ yìí ju ọ̀rọ̀ owó lọ. Ẹ̀gẹ́ kíkorò ní májèlé nínú. Tí a bá rin ín, tí a fi í sílẹ̀ kí ó kan, tí a fún omi rẹ̀ jáde, tí a sì yan án dáadáa lórí iná, májèlé náà á dín kù gan-an. Ẹni tó bá fo iṣẹ́ yìí lè mú kí ènìyàn ṣàìsàn. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ tí ìyá yẹn gbé mì kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré.

2. Ta ló jẹ̀bi?

Ìyàwó yẹn kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ìyá yẹn kì í ṣe ọ̀dàlẹ̀. Olè jíjà jẹ́ ìwà burúkú. Irọ́ pípa jẹ́ ìwà burúkú. Ṣùgbọ́n kí ara ènìyàn máa yá, tàbí kí ó máa dákẹ́, ìyẹn kì í ṣe ìwà burúkú. Ìṣesí ni. Ìṣesí kọ̀ọ̀kan ní èrè, ó sì ní ewu.

Ẹni tí ara rẹ̀ yá. Èrè rẹ̀: òun ló ń mú kí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ewu rẹ̀: ó lè fo ohun tó yẹ kí á ṣe. Tí ẹ bá fẹ́ bá a sọ̀rọ̀, ẹ má fa ọ̀rọ̀ gùn. Ẹ sọ ohun tó kù àti ọjọ́ tí yóò parí. Ẹ fún un ní iṣẹ́ tí kò gbọ́dọ̀ pẹ́, bíi kíkó ẹ̀gẹ́ lọ sí ibi ẹ̀rọ.

Ẹni tó máa ń dákẹ́. Èrè rẹ̀: ó ń wo nǹkan, ó ń rí ohun tí ẹlòmíràn kò rí. Ewu rẹ̀: ohun tó mọ̀ lè wà nínú ikùn rẹ̀ títí nǹkan yóò fi bàjẹ́. Ẹ má dúró kí ó sọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀. Ẹ bi í. Tí ó bá ń ronú, ẹ dúró dè é.

Ẹni tó fẹ́ràn ọ̀rọ̀. Èrè rẹ̀: ó ń mú inú ẹgbẹ́ dùn, ó sì mọ bí a ṣe ń pe oníbàárà. Ewu rẹ̀: ohùn rẹ̀ lè bo ti àwọn yòókù. Ẹ jẹ́ kí ó lọ tajà. Ní ìpàdé, ẹ fi ọ̀wọ̀ rán an létí pé ó ku ẹlòmíràn.

Ẹni tó máa ń yẹ nǹkan wò. Èrè rẹ̀: owó kì í sọnù lọ́wọ́ rẹ̀. Ewu rẹ̀: ó lè pẹ́ jù kí ó tó ní "ó yá". Ẹ fún un ní ìwé ìṣirò. Ẹ sọ ọjọ́ tí ẹ fẹ́ gbọ́ ìdáhùn rẹ̀.

3. Àdéhùn mẹ́ta

Ẹgbẹ́ náà lè tún ara wọn ṣe pẹ̀lú àdéhùn mẹ́ta.

Èkíní: kò sí ẹni tí yóò tú àpò, àfi tí ìyá bá fọwọ́ kàn án, tí ó sì ní: "Ó tó."

Èkejì: ní ìpàdé, kálukú yóò sọ̀rọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó máa ń dákẹ́ ni a óò kọ́kọ́ bi.

Ẹ̀kẹta: tí nǹkan bá bàjẹ́, a óò sọ̀rọ̀ nípa iṣẹ́. A kò ní bú ènìyàn. A kò ní sọ pé: "Oníwàǹwára ni ẹ́." A óò sọ pé: "Omi inú àpò yìí kò tíì jáde tán."

Tí wọ́n bá ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ gbọ́ bí ọ̀rọ̀ á ṣe rí:

— Ìyá, ẹ kú iṣẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa wò ó. Ṣé ó ti tó?

— Ó kù díẹ̀, ọmọ mi. Ó di ọ̀la.

— Ó dáa, ìyá. Ẹ jẹ́ kí n lọ ṣẹ́gi sílẹ̀ nígbà náà.

Ìyàwó yẹn kò jókòó lásán. Ìyá náà kò pariwo. Iṣẹ́ ń lọ.

4. Ìṣesí kì í ṣe ilà ojú

Ọjọ́ pẹ́ tí àwọn ènìyàn ti ń wádìí ọ̀rọ̀ yìí. Láyé àtijọ́, àwọn oníṣègùn ilẹ̀ Gíríìsì pín ènìyàn sí ọ̀nà mẹ́rin. Ní ọdún 1921, Carl Jung, oníṣègùn kan ní ilẹ̀ Súwísì, tẹ ìwé kan jáde. Ó ní ọkàn àwọn kan máa ń lọ síta, sọ́dọ̀ ènìyàn àti nǹkan. Ọkàn àwọn mìíràn máa ń lọ sínú, sí èrò tiwọn. Lẹ́yìn rẹ̀, ìyá àti ọmọ kan ní Amẹ́ríkà, Katharine Briggs àti Isabel Myers, kọ ìbéèrè tó pín ènìyàn sí ọ̀nà 16. Àwọn iléeṣẹ́ ńlá ń lo ìbéèrè náà títí di òní.

Ṣùgbọ́n àwọn olùwádìí rí i pé ọ̀pọ̀ ènìyàn tó dáhùn ìbéèrè náà lẹ́ẹ̀mejì kì í bọ́ sí ọ̀nà kan náà. Ìyẹn fi hàn pé ìṣesí kì í ṣe ilà tí a kọ sójú. Ẹni tó dákẹ́ ní ìpàdé lè máa sọ̀rọ̀ púpọ̀ nílé. Ebi, àárẹ̀ àti ọ̀fọ̀ lè yí ènìyàn padà. Nítorí náà, ẹ má fi ìṣesí sọ ẹnikẹ́ni lórúkọ. Ẹ má sì torí ẹ̀ lé ẹnikẹ́ni kúrò nínú ẹgbẹ́.

Bákan náà, kí ẹnikẹ́ni má sọ pé: "Bí mo ṣe rí nìyẹn." Ọ̀rọ̀ yẹn kò lè mú gàrí gbẹ. Ẹni tí ara rẹ̀ yá lè kọ́ láti dúró. Ẹni tó ń dákẹ́ lè kọ́ láti sọ ọ̀rọ̀ kan ní àkókò tó yẹ.

5. Ìbéèrè

1. Kí ló ba gàrí ẹgbẹ́ yìí jẹ́?
2. Kí nìdí tí ìyá náà kò fi sọ̀rọ̀? Kí ló yẹ kí àwọn yòókù ṣe?
3. Kí ni ìyàtọ̀ tó wà láàrin ìṣesí àti ìwà burúkú?
4. Tí ẹ bá ní 2 àpò tó bàjẹ́ nínú 10, àpò mélòó ló kù fún títà?

Iṣẹ́ ilé: Ẹ kọ ìṣesí ti ara yín sínú ìwé, èrè rẹ̀ kan àti ewu rẹ̀ kan. Ẹ má kọ ti ẹlòmíràn. Ní ìpàdé ẹgbẹ́ yín tó ń bọ̀, kí kálukú ka tirẹ̀ síta. Lẹ́yìn náà, kí ẹ jọ kọ àdéhùn mẹ́ta tí yóò bá iṣẹ́ yín mu.